Òfin tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Orí-ọ̀rọ̀: "Òfin tí kò bá ti dárúkọ ẹ̀yà kankan kò lè rẹ́ ẹ̀yà kankan jẹ." Kí ni èrò rẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí òfin kò bá ti dárúkọ Làgbájá, tí kò sì dárúkọ Tàmẹ̀dù, kò sí ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè rẹ́ jẹ. Èmi pẹ̀lú ti gba èyí gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n èrò mi lónìí ni pé kì í ṣe ohun tí òfin wí nìkan ni a fi ń mọ irú òfin tí ó jẹ́. A tún gbọ́dọ̀ wo orí ẹni tí ó ń já lé. Nítorí náà, mo gbà pé ó tọ́, ó sì yẹ, kí ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ènìyàn yọjú sí ọ̀rọ̀ òfin, pàápàá jùlọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọ̀ ara ti di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Lẹ́tà kan ló mú mi ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìntì, gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ àwùjọ níhìn-ín, ó sì rí àyè ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà láti gba oyè kejì. Bàbá rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kí ọmọ náà tó lè wọ ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ó débẹ̀, ó kọ̀wé sílé pé òfin àti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ti wọnú ètò ìlú ni òun fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Inú bàbá rẹ̀ kò dùn sí i. Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni ọmọ yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bá mi kọ̀wé sí i. Bí ó bá fẹ́ ṣe lọ́yà, kí ó lọ ṣe lọ́yà. Bí ìmọ̀ àwùjọ ni, kí ó gbájú mọ́ ọn. A kò rán an lọ gbèjà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Mo ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́. Mo mú bébà, mo kọ ìlà méjì, n kò sì lè kọ ìkẹta.

Ohun tó dá mi dúró ni òfin kan tí èmi fúnra mi dì mú ṣinṣin nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà ni pé ọmọ tó bá dé ilé-ìwé lẹ́yìn aago 7:30 yóò jẹ ẹgba mẹ́ta. Kò dárúkọ ọmọ kankan. Ìbáà jẹ́ ọmọ olówó, ìbáà jẹ́ ọmọ alágbàṣe, ẹgba mẹ́ta ni. Mo máa ń fi èyí yangàn láàrin àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin yìí kan náà, tí ó jẹ́ olórí kíláàsì nígbà náà, ló gbé ìwé orúkọ àwọn apẹ́lẹ́yìn wá sí orí tábìlì mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àwọn orúkọ yìí." Mo wò wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, àwọn ọmọ tó ń ti abà òdìkejì odò wá ni orúkọ wọn kún inú ìwé náà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń gbé wọn sọdá, ọlọ́kọ̀ náà kì í sì í gbéra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé mo kórìíra wọn ni?" Ó ní, "Rárá o, sà." Mo ní kí ó lọ jókòó. Mo ń bá ẹgba mi lọ fún odidi táàmù kan sí i, títí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abà náà fi pa ilé-ìwé tì. Lóòótọ́, òfin mi kò dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó mọ ilé wọn.

Ohun tí ọmọ náà fẹ́ wádìí ní Amẹ́ríkà jọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ̀hún wúwo ju ẹgba mẹ́ta lọ fíìfíì. Ní ọdún 1967, Stokely Carmichael àti Charles Hamilton kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Black Power, wọ́n sì fi yé àwọn ènìyàn pé oríṣi ẹlẹ́yàmẹ̀yà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó kórìíra ẹnìkejì rẹ̀ nítorí àwọ̀, tó bú u tàbí tó lù ú. Ojú gbogbo ayé ló ń rí èyí. Èkejì ni èyí tó wà nínú ètò: nínú bí a ṣe ń gbani síṣẹ́, bí a ṣe ń yáni lówó, bí a ṣe ń dájọ́. Èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni bínú. Òṣìṣẹ́ tí kò kórìíra ẹnikẹ́ni lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti àárọ̀ di alẹ́.

Lọ́nà kìíní, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìbò. Ọdún 1865 ni Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú. Ní ọdún 1870, wọ́n fi kún ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ẹnikẹ́ni. Kí wá ni àwọn tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò ṣe? Wọn kò dárúkọ aláwọ̀ dúdú mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní ọdún 1910, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kọ, kí ó sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀, pàápàá ẹni tí òun tàbí bàbá ńlá rẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1866 tàbí ṣáájú ìgbà náà. Bàbá ńlá ta ni èyí? Ti aláwọ̀ funfun ni. Bàbá ńlá ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko ẹrú bọ̀ ni. Ènìyàn lè ka òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó má rí "dúdú" tàbí "funfun" nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nídìí àpótí ìbò. Ọdún 1915 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fagi lé e.

Lọ́nà kejì, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, nítorí pé ó kan ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò gbọ̀ngbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan wà ní ìpínlẹ̀ North Carolina tí ń jẹ́ Duke Power. Ní ibùdó wọn tó wà ní Dan River, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi aláwọ̀ dúdú sí, ẹ̀ka àwọn lébìrà. Owó ọ̀yà tó pọ̀ jù ní ẹ̀ka yìí kò tó èyí tó kéré jù ní àwọn ẹ̀ka yòókù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ti ọdún 1964 ní kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dópin. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1965 tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí àwọn agbanisíṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìlànà tuntun jáde pé ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka mìíràn yàtọ̀ sí ti lébìrà gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó sì yege nínú ìdánwò méjì. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé nínú 100 ọkùnrin aláwọ̀ funfun ní ìpínlẹ̀ náà, 34 ló parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, 12 péré ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní ìwé-ẹ̀rí ti wà nídìí iṣẹ́ wọ̀nyí tipẹ́, tí iṣẹ́ wọn sì ń lọ déédéé.

Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, Willie Griggs ṣíwájú wọn, pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1971, gbogbo àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó jókòó lórí ẹjọ́ náà fohùn ṣọ̀kan pé àwọn òṣìṣẹ́ náà jàre. Wọ́n ní bí ìlànà kan bá ń ti ẹ̀yà kan sẹ́yìn, tí kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, òfin kò fàyè gbà á, ì báà má sí èrò ibi nínú ọkàn agbanisíṣẹ́. Èmi tí mo fi ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ jẹun kò ní sọ pé ìwé-ẹ̀rí kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ fi í ṣe.

Lọ́nà kẹta, ẹ jẹ́ kí a wo ilé àti ilé-ìwé. Ní ọdún 1933, ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ láti ran àwọn onígbèsè ilé lọ́wọ́. Àjọ náà ya àwòrán ilẹ̀ àwọn ìlú ńlá tó lé ní 200, ó sì fi ọ̀dà pín àdúgbò sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Àdúgbò tí wọ́n kà sí eléwu fún owó yíyá ni wọ́n kùn ní pupa, ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé kì í sì í yẹ̀ lára wọn. Àjọ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934 ń ṣe onídùúró fún ẹni tó bá fẹ́ yá owó kọ́lé, ìwé ìlànà rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí ẹ̀yà má ṣe dà pọ̀ ní àdúgbò kan. Báyìí ni aláwọ̀ funfun fi rí owó tó rọrùn san ra ilé, tí aláwọ̀ dúdú kò sì rí i. Òfin fòpin sí èyí ní ọdún 1968, ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra ilé ní 1940 ti ní ogún tí yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí kò rí i rà kò ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó-orí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò jẹ́ apá pàtàkì nínú owó tí wọ́n fi ń bọ́ ilé-ìwé àdúgbò náà lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ tí àwọn òbí tó jẹ́ ìran Mẹ́síkò ní ìlú San Antonio pè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ 5 sí 4 ni ó ní ètò náà kò lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn yóò rò pé ọgbọ́n ni àwọn ọmọ àdúgbò pupa kò ní.

Lọ́nà kẹrin, tí mo kà sí pàtàkì jùlọ, ni ẹjọ́ Warren McCleskey. Aláwọ̀ dúdú ni ọkùnrin yìí. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní ìpínlẹ̀ Georgia pé ó pa ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan nígbà tí òun àti àwọn mìíràn ja ilé ìtajà kan lólè ní 1978. N kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé dìde ni pé ta ni wọ́n ń dájọ́ ikú fún, ta ni wọ́n sì ń dá sí? Ọ̀jọ̀gbọ́n David Baldus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ ẹjọ́ ìpànìyàn tó lé ní 2,000 wò ní Georgia. Wọn kò kàn ka orí lásán. Wọ́n wo bí ìwà ọ̀daràn náà ti burú tó, bóyá ẹni náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo èyí sílẹ̀, wọ́n rí i pé ó rọrùn ní ìlọ́po 4.3 kí wọ́n dájọ́ ikú fún ẹni tí wọ́n ní ó pa aláwọ̀ funfun ju ẹni tí wọ́n ní ó pa aláwọ̀ dúdú lọ.

Ní ọdún 1987, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn. Wọn kò sọ pé irọ́ ni ìwádìí náà. Wọ́n ní kí a tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, McCleskey gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò láti fi àwọ̀ rẹ́ òun jẹ nínú ẹjọ́ tirẹ̀ gan-an. Adájọ́ 5 sọ bẹ́ẹ̀, 4 lòdì sí wọn. Adájọ́ Lewis Powell, tó kọ ìdájọ́ náà, sọ fún ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìntì pé bí òun bá tún ní àǹfààní, òun yóò yí ìbò òun padà lórí ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n omi ti dànù ná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, wọ́n pa McCleskey.

Nígbà tí mo ka ìdájọ́ yìí, ara mi bù máṣọ. Ìdáhùn tí àwọn adájọ́ ńlá wọ̀nyí fún McCleskey kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fún olórí kíláàsì mi: "Ṣé mo kórìíra wọn ni?" Òfin ń bèèrè ohun tó wà nínú ọkàn ẹnìkan. Ìmọ̀ àwùjọ ń wo ìwé orúkọ, ó ń bèèrè ìdí tí àwọn kan náà fi ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò jìyà. Ìdí nìyí tí a fi nílò ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn kan yóò ní kí a fi òfin sílẹ̀ fún lọ́yà. Mo dá wọn lóhùn pé ní ọdún 1954, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n má ṣe ya ilé-ìwé dúdú àti funfun sọ́tọ̀ mọ́, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wà lára ohun tí àwọn adájọ́ tọ́ka sí. Kenneth Clark, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, wà lára wọn. E. Franklin Frazier, onímọ̀ àwùjọ, wà lára wọn pẹ̀lú. Kò sí lọ́yà tó lè dá nìkan kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ.

Àwọn mìíràn yóò ní ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yà méjì lè ní ọgọ́rùn-ún ìdí: òṣì, ìdílé, àìríṣẹ́ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ yìí kan náà ló fi hàn pé iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tó kọ́ ọ dáadáa, tí yóò lè ya ìdí kan kúrò lára ìdí kejì bí Baldus ti ṣe. Ariwo lásán kò lè ṣe é.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní kí òfin di ojú rẹ̀ sí àwọ̀ pátápátá, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní àwọn yunifásítì kò gbọdọ̀ máa wo ẹ̀yà mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dẹwọ́ lórí irú ẹjọ́ tí Griggs jàre rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dọ́gba lójú òfin. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá di ojú mi sí ìwé orúkọ àwọn apẹ́lẹ́yìn, odò kò ní tìtorí ìyẹn gbẹ.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi tó ní kò kàn wá, mo bi í pé níbo ni ọmọ rẹ̀ ń gbé báyìí? Bí ó bá fẹ́ háyà ilé tàbí yá owó ní báńkì lọ́hùn-ún, ta ni yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí Èkìtì? Aláwọ̀ dúdú ni wọn yóò rí. W. E. B. Du Bois, tó ń lọ láti ilé dé ilé ní Philadelphia kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà jáde ní 1899, ìlú Accra ló ti fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ṣe ilé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1963. Òun kò ka ọ̀rọ̀ tiwa sí èyí tí kò kàn án.

Ní ìparí, èrò mi ni pé òfin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lè rẹ́ ènìyàn jẹ, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. A kò lè mọ̀ ọ́n nípa kíka ìwé òfin nìkan. A gbọ́dọ̀ bá a dé ilé àwọn tí ó ń bá wí. Mo ya ìlà méjì tí mo kọ tẹ́lẹ̀ dànù, mo sì kọ òmíràn: "Ọmọ mi, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ka ẹjọ́ àwọn tó lòdì sí ọ dáadáa ju ti àwọn tó gbè ọ́ lọ. Nígbà tí o gbé ìwé orúkọ wá bá mi, ìwọ lo jàre." Bàbá rẹ̀ ka lẹ́tà náà tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Owó ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ńkọ́?" Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi náà máa dá sí i lóṣooṣù, nítorí pé mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè.

Àkíyèsí fún olùdánwò: Ẹ ṣàkíyèsí pé òǹkọ̀wé sọ èrò rẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó sì tún un sọ ní ìparí. Ó fi ọdún àti iye ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn alátakò kalẹ̀ kí ó tó dá wọn lóhùn, ó sì gbà fún wọn níbi tí wọ́n ti jàre. Bí ìwọ kò bá gba èrò yìí, kọ tìrẹ, ṣùgbọ́n mú ẹ̀rí wá.